Ìbẹ̀wò Wa sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Abidjan, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Ìjọ Wa

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run alààyè tí ó mú wa la ẹnu ibodè mẹ́rin kọjá láìsí ewu, láti Sèmè dé Hillacondji, láti Aflao dé Elubo, títí a fi gúnlẹ̀ sí Abidjan. Ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà náà rí mọ̀ pé ọpẹ́ wa kì í ṣe ọpẹ́ ẹnu lásán.

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí a bá yín sọ lónìí dá lórí ìtọ́jú ìtàn ìjọ. A lè dúró níhìn-ín kí a máa to òfin àti ìmọ̀ràn lé ara wọn, ṣùgbọ́n ó dára jù lójú wa pé kí a ròyìn ohun tí ojú wa rí ní ọjọ́ méjì tí ó ṣáájú ìpàdé yìí, nígbà tí àwa mélòó kan nínú àwọn aṣojú, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka Abidjan, lọ bẹ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wò, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní mùsíọ́mù. Ohun tí a rí níbẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn, nítorí pé ó kàn wá ju bí a ti rò lọ.

ÌDÍ TÍ A FI LỌ

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ti pẹ́ ní ìlú yìí. Láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ni àwọn bàbá wa ti wá ṣòwò ní Treichville àti Adjamé, kí Côte d'Ivoire tó gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù August, ọdún 1960. Ọjà nìkan kọ́ ni wọ́n rù wá. Wọ́n gbé Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin dání, wọ́n sì ń pàdé nínú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara wọn kí wọ́n tó ní ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín fi ń kàwé. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè sọ ìdí tí àwọn bàbá bàbá wọn fi kúrò nílé, tàbí bí ìjọ tí a bí wọn sí ṣe bẹ̀rẹ̀. A bi mẹ́wàá nínú wọn léèrè ọdún tí a dá ẹ̀ka wọn sílẹ̀; kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. A bi àwọn àgbà, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a gbọ́. Èyí ni ó mú wa wí pé kí a lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́jú tiwọn.

NÍ ẸNU Ọ̀NÀ

Ilé àkọ́kọ́ tí a lọ ni Musée des Civilisations, tí ó wà ní Plateau, ní àárín ìlú Abidjan. Ọdún 1942 ni a dá a sílẹ̀, lábẹ́ ìjọba Faransé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ni ó wà ní ìpamọ́ níbẹ̀: ère, ìbòjú tí àwọn eléré fi ń jó, àpótí ìjókòó àwọn ọba àti ìjòyè, ìlù, aṣọ híhun, àti àwọn ìwọ̀n kékeré tí a fi idẹ rọ, èyí tí àwọn Baoulé àti àwọn ẹ̀yà Akan yòókù fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọlé, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ tí ó bá wa lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó kọ̀, kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run ti yọ ilé bàbá mi kúrò nínú nǹkan wọ̀nyí. Ní Iléṣà, ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí Wòlíì Babalọlá, ojú bàbá mi ni a ṣe dáná sun oògùn àti ère, bàbá mi fúnra rẹ̀ sì ru igbá tirẹ̀ wá síbẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá san owó láti lọ wo irú ohun tí bàbá mi sun?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹni tí ó bá Bàbá jiyàn nínú wa, nítorí pé ohun tí ó sọ ni ìpìlẹ̀ tí a kọ́ ìjọ wa lé lórí. A dúró, a ń wo ara wa lójú. Nígbà náà ni ọmọdébìnrin kan, tí a bí ní Treichville, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 15 lọ, kúnlẹ̀ tí ó sì wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Bí ẹ kò bá bá wa wọlé, ta ni yóò sọ fún wa ohun tí bàbá yín kúrò nínú rẹ̀?"

Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú dáadáa, ó sì bá wa wọlé. Láti ìgbà náà títí a fi jáde, òun ni olùkọ́ wa. Ní iwájú ère kan, ó sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹran pa irú rẹ̀ lára. Ní iwájú ìlù kan, ó sọ ohun tí a fi ń lù ú. Ní iwájú aṣọ híhun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà hun irú rẹ̀. Ohun tí a kọ́ lẹ́nu Bàbá pọ̀ ju ohun tí a kà lára ògiri lọ.

ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ ONÍGBÀGBỌ́ LỌ?

Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè Bàbá ń bẹ lọ́kàn ẹlòmíràn nínú yín. Ẹ jẹ́ kí a fi Ìwé Mímọ́ dá a lóhùn.

Ọlọ́run pàṣẹ fún Mósè kí ó rọ ejò idẹ, àwọn tí ejò bù jẹ sì yè nígbà tí wọ́n wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí sun tùràrí sí i, Hesekáyà ọba sì fọ́ ọ túútúú. Ẹ rí i pé ohun kan náà ni ó jẹ́ ìrántí oore ní ọjọ́ kan, tí ó sì di òrìṣà ní ọjọ́ mìíràn. Idẹ náà kò yí padà; ọkàn àwọn ènìyàn ni ó yí. Ọlọ́run kan náà yìí ni ó pàṣẹ pé kí a fi mánà sínú ìkòkò, kí a sì pa ọ̀pá Áárónì mọ́, kí àwọn ìran tí ń bọ̀ lè rí wọn. Òun ni ó ní kí Jóṣúà kó òkúta méjìlá láti inú odò Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ wọn, kí àwọn bàbá sì lè rí ohun sọ.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù náà. Ní Éfésù, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ òkùnkùn kó ìwé wọn wá, wọ́n sì sun wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ ìdáǹdè ni èyí jẹ́. Ní Áténì, Pọ́ọ̀lù rìn káàkiri, ó fi ara balẹ̀ wo àwọn pẹpẹ wọn, ó ka ohun tí a kọ sí ara ọ̀kan, ó sì fi ohun tí ó kà níbẹ̀ wàásù. Kò wólẹ̀ fún pẹpẹ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò dijú nígbà tí ó ń kọjá.

Nítorí náà, àwọn bàbá wa tí wọ́n sun òrìṣà wọn ṣe ohun tí ó tọ́. Ọmọ tí ó lọ wò ó kí ó lè mọ ibi tí Ọlọ́run ti mú ìdílé rẹ̀ jáde kò dẹ́ṣẹ̀. A kò lọ bọ ohunkóhun, a kò sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ère kankan. Síbẹ̀, a kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má ṣe fi ohun tí wọ́n rí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ọwọ́ ènìyàn bí àwa ni ó gbẹ́ ẹ, àwọn aládùúgbò wa kan sì wà tí wọ́n kà á sí ohun ọ̀wọ̀ títí di òní. Ẹni tí a bá fi ṣẹ̀sín kò ní gbọ́ ìwàásù wa.

NÍ GRAND-BASSAM

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí Grand-Bassam, etí òkun, ní ìlà-oòrùn Abidjan. Ìlú yìí ni olú ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn Faransé fi ṣe ibùjókòó ìjọba nígbà tí wọ́n sọ ilẹ̀ yìí di ti wọn ní ọdún 1893. Ní ọdún 1899, àìsàn ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà níbẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó, ìjọba sì kó lọ sí Bingerville. Lẹ́yìn náà ni ó wá dé Abidjan. Ní ọdún 2012, àjọ UNESCO kọ orúkọ Grand-Bassam mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ààfin tí Gómìnà Faransé ń gbé nígbà náà ni ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti aṣọ. Inú yàrá tí a ti ń kọ òfin fún aláwọ̀ dúdú ni aṣọ aláwọ̀ dúdú wà báyìí, tí a tò létòlétò fún àwọn ọmọ láti wò.

Ìlú yìí kan náà ni àwọn obìnrin fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Abidjan ní oṣù December, ọdún 1949, láti béèrè pé kí a tú àwọn ọkọ àti arákùnrin wọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìlú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ gbọ́: àwọn ẹgbẹ́ yín ni wọ́n rin ìrìn náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó mú wa dákẹ́ jùlọ ni ìrántí Wòlíì William Wadé Harris. Ọmọ Liberia ni. Ní ọdún 1913 ni ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ ilẹ̀ yìí, pẹ̀lú aṣọ funfun, àgbélébùú igi lọ́wọ́, Bíbélì, àwo omi ìrìbọmi, àti àwọn obìnrin tí ń kọrin tí wọ́n sì ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí ìjọ òkè òkun tí ó rán an, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wàásù ní abúlé dé abúlé. Àwọn ènìyàn kó òrìṣà wọn jáde, wọ́n sì sun wọ́n. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn tí ó ṣe ìrìbọmi fún ju 100,000 lọ, láàárín ọdún kan àti ààbọ̀ péré. Ìjọba Faransé bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì lé e padà sí Liberia. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dé ní ọdún 1924, wọ́n bá ìjọ tí ó ti ń dúró láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ti kọ́ ilé ìsìn fúnra wọn. Ọdún 1929 ni Harris kú.

Ẹ̀yin ará, ta ni kò rí i pé ìtàn yìí jọ tiwa? Èyí ṣẹlẹ̀ ṣáájú àjàkálẹ̀ àrùn 1918 tí ó mú àwọn bàbá wa kúnlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ṣáájú ìsọjí Iléṣà ti ọdún 1930. Ọlọ́run kan náà ni ó ṣiṣẹ́ ní ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: nínú àwọn 100,000 náà, àwọn mélòó ni a mọ orúkọ wọn? Díẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ nípa Harris nígbà ayé rẹ̀ wá láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ọ àti àwọn àlejò tí ó ń kọjá lọ. Ẹni tí kò bá kọ ìtàn ara rẹ̀, ẹni tí ó lé e kúrò nílùú ni yóò bá a kọ ọ́.

ÌLÙ TÍ A GBÉ LỌ

Ìtàn kan tún wà tí gbogbo ará Abidjan mọ̀. Àwọn Ébrié, tí wọ́n ni ilẹ̀ tí a tẹ Abidjan dó sí, ní ìlù ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Djidji Ayôkwé. Igi ìrókò ni a fi gbẹ́ ẹ. Ó gùn ju mítà 3 lọ, ó sì wúwo tó 430 kílò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń bọ̀ wá kó ènìyàn fún iṣẹ́ ipá, ìlù yìí ni a fi ń kìlọ̀ fún àwọn abúlé. Ní ọdún 1916 ni àwọn Faransé gbà á, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ wọn nígbà tí ó yá. Ní Paris ni ó wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àwọn Ébrié kò gbàgbé rẹ̀. Bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ-ọmọ, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ láìdákẹ́. Ní oṣù July, ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fi ọwọ́ sí òfin pé kí ìlù náà padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ni wọ́n fi rántí.

Ní ìkọjá òkun pẹ̀lú, ní erékùṣù Guadeloupe, a ṣí ilé ìrántí ńlá kan ní ọdún 2015, ní ibi tí ilé iṣẹ́ ṣúgà wà tẹ́lẹ̀, láti sọ ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tí a tà sí oko ẹrú. Àwọn tí a gba orúkọ lọ́wọ́ wọn ń wá orúkọ náà kiri. Àwa tí a ní tiwa lọ́wọ́ ń fi ìwé tí a kọ ọ́ sí dáná.

OHUN TÍ Ó Ń SỌNÙ LỌ́WỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ dídáná yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ẹ̀ka kan wà nínú ìjọ wa, tí a kò ní dárúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsìn tuntun, wọ́n palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́, wọ́n sì rí àpótí kan tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ìwé ìpàdé àkọ́kọ́, ìwé ìrìbọmi àti ìwé tí a fi ra ilẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìdọ̀tí ni, wọ́n sì sun ún. Nígbà tí ó ṣe, ìdílé kan dìde, wọ́n ní bàbá àwọn kò ta ilẹ̀ náà fún ìjọ rí. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí ti sùn nínú Olúwa, ìwé sì ti di eérú. Ilẹ̀ náà ni wọ́n tún fi owó rà ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá. Nígbà ìjà tí ó tẹ̀ lé ìbò ní Côte d'Ivoire ní ọdún 2011, àwọn olè wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a bẹ̀ wò ní Plateau, wọ́n sì kó ohun iyebíye tí ó ju 100 lọ. Ní ọdún 2017 ni ilé náà tó tún ṣí. Olóyè ìjọ kan nílẹ̀ wa pẹ̀lú, Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òyìnbó atẹ̀wé, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú rí i kí a tẹ̀ ẹ́. Nítorí pé ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi lè tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ká ní a ti sun àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn bí ìdọ̀tí, kí ni à bá máa kà lónìí?

Nígbà tí a ń ti Grand-Bassam bọ̀, a bi Bàbá léèrè ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ohun ìní bàbá rẹ̀. Ó ní agogo àdúrà kan wà, tí bàbá òun máa ń lù ní aago márùn-ún ìdájí. A béèrè ibi tí agogo náà wà. Ó dákẹ́ pẹ́, ó sì ní nígbà tí a ń tún ilé ṣe ni àwọn ọmọ tà á fún àwọn tí ń ra irin. Ó ní, "Wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Èmi kò sì sọ fún wọn."

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò sọ pé kí a kọ́ ilé aláràbarà. Ohun mẹ́rin péré ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí ẹ̀ka tí ó kéré jùlọ pàápàá lè ṣe.

Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ra àpótí onírin kan, kí a máa kó ìwé ìpàdé, ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti àwòrán àtijọ́ sínú rẹ̀. Kí a gbé e sí ibi tí omi àti ikán kò lè dé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì.

Èkejì, kí a ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìdásílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà ní olú ìjọ. Ohun tí ó wà ní ojú kan ṣoṣo, iná kan ṣoṣo ló tó o.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ, ọdún àti ìlú. Kí wọ́n má gbàgbé àwọn ìyá, nítorí orúkọ wọn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Ẹ̀kẹrin, kí a tó ju ohun àtijọ́ kan nù, ìbáà jẹ́ agogo, ìbáà jẹ́ aṣọ àdúrà, kí a kọ́kọ́ pe àgbà kan láti wò ó. Kí a pa á mọ́ fún ìrántí, kí a má sì ṣe sọ ọ́ di ohun tí a ń fi ẹnu kò lẹ́nu tàbí tí a ń kúnlẹ̀ fún, kí ejò idẹ má baà tún dìde láàárín wa.

Ní alẹ́ àná, ọmọdébìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó ti Bàbá ní ilé tí a wọ̀ sí. Ó mú ìwé iléèwé rẹ̀ dání. Bàbá ń sọ ọ́ ní Yorùbá, òun sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó ń kọ bí ẹni ń kọ Faransé: orúkọ bàbá Bàbá, òkè tí a ti dáná ní Iléṣà, igbá tí ó rù, agogo tí ó ń lù ní ìdájí. Ó tó ojú ewé mẹ́rin. Ìwé náà ni ó kọ́kọ́ wọ inú àpótí ẹ̀ka Abidjan, ní òwúrọ̀ òní.

Kí Ọlọ́run àwọn bàbá wa má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ wọn ṣe parẹ́ lójú àwọn ọmọ wa. Kí ó fi ọgbọ́n fún wa láti mọ ohun tí a ó sun àti ohun tí a ó tọ́jú. Kí ó sì mú gbogbo wa padà sílé ní àlàáfíà. Àmín.